Ohun Tí Aláìsàn Kì Í Sọ Lójú Dókítà

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ pé nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ ni mí, abẹ́rẹ́ àti omi tí à ń fà sí èèyàn lára ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Òótọ́ ni, mo ń fa omi, mo sì ń gún abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé kí ni iṣẹ́ yìí gan-an, màá sọ fún yín pé iṣẹ́ etí ni. Dókítà ní èsì láàbù lọ́wọ́, ó ní àwòrán tí wọ́n yà, ó ní ìwé tó sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ àti ibi tó ràn dé. Ohun tí kò sí nínú gbogbo ìwé yẹn ni èyí tí aláìsàn fi pamọ́: agbo tó ń mu, ara gbígbóná tó gbé mì lóru, owó tó ti tán, ọmú tó ti ń ṣomi fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó fi han ẹnikẹ́ni. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń pa èèyàn. Mo ti rí i débi pé ẹnikẹ́ni ò lè bá mi jiyàn lórí ẹ̀ mọ́.

Mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ kí n tó padà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ kọ́ ìtọ́jú jẹjẹrẹ lọ́tọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo wà, ní ilẹ̀ Yorùbá níbí. Àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ ló pọ̀ jù lára àwọn tí à ń tọ́jú, àwọn bàbá tó ní jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ló tẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí káàkiri Nàìjíríà, mẹ́ta yìí ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè dé. Kókó tó mọ níwọ̀n ẹ̀pà kì í gbé èèyàn wá sọ́dọ̀ wa, nítorí kì í sábà dunni. Ìgbà tó bá ti bẹ́, tàbí tí apá wú, tàbí tí ẹ̀yìn ń dun bàbá débi tí kò lè dìde lórí ẹní, ìgbà náà la tó ń rí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí agbo. Lọ́jọ́ kílíníìkì, dókítà á béèrè pé, "Mama, ṣé ẹ ń lo agbo?" Mama á ní, "Rárá o, oògùn òyìnbó nìkan ni." Dókítà á kọ ọ́ sínú fáìlì, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì, nítorí èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Mo wá kọ́ pé kò yẹ kéèyàn béèrè bóyá. Bí mo bá ti fa àga mi sún mọ́ ọn, tí mo ń wá iṣan tí màá gbé kánúlà sí, ìyẹn rọ́bà tín-ín-rín tí oògùn ń gbà wọ iṣan, màá ní, "Ìyá, gbogbo wa la ní agbo nílé. Èwo lẹ̀ ń mu báyìí, ta ló sì ń bá yín sè é?" Kò sí ẹjọ́ nínú ìbéèrè yẹn, kò sì sí èébú. Ìgbà yẹn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

Ìdí tí mo fi ń wádìí ẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ ọ̀pọ̀ nínú oògùn kímò, ìyẹn àwọn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, kíndìnrín ló sì ń kó àwọn kan jáde. Kí á tó fún èèyàn, a ó wọn gíga rẹ̀, a ó gbé e sórí ìwọ̀n, nítorí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó la fi ń ṣírò oògùn. A ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára rẹ̀, bóyá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń ṣiṣẹ́ wọn. Agbo tí a kò mọ ohun tí wọ́n sè sínú rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ọtí rẹ, lè da gbogbo ìṣirò yẹn rú.

Obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ. Èsì ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dára nígbà àkọ́kọ́, ìgbà tó fi máa padà wá, ó ti ga sókè. Ẹ̀rù ba dókítà pé àfi bí jẹjẹrẹ bá ti wọ ẹ̀dọ̀, ó ní kó lọ ya àwòrán, owó gọbọi sì ni. Mo jókòó tì í. Nígbà tí mo bi í nípa agbo, ó wojú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní kó lọ ra omi wá fún òun. Ọmọ ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tán tó fi fa ìgò kan yọ nínú báàgì, ó ti fi nylon wé e lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn ògógóró gba imú mi. Ó ní, "Àbúrò ọkọ mi ló ń gbé e wá láti abúlé. Bí mo bá ní mi ò mu ún, wọ́n á ní èmi ni mo fẹ́ kú." Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì tó sì gba ìbáwí fún un, kò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó fún mi ní nọ́mbà àbúrò ọkọ yẹn. Mo pè é, mo kí i fún ìtọ́jú tó ń ṣe fún ìyàwó wọn, mo ṣàlàyé pé oògùn méjì kò gbọdọ̀ pàdé nínú ẹ̀dọ̀ kan náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa fi agbo náà pamọ́ títí a ó fi parí tiwa. Ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó tíì ṣàlàyé ẹ̀ fún òun rí, pé ṣe ni wọ́n kàn ń pe òun ní ará oko. Nígbà tí a tún gba ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ̀dọ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Àwòrán náà jáde, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Mi ò bá ewé àti egbò jà o. Paclitaxel, kímò kan tí à ń fà sí ọ̀pọ̀ obìnrin lára, èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní yew ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Vincristine, kímò mìíràn, wá láti ara òdòdó periwinkle, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbìn sí iwájú ilé wọn níbí láìmọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé a mọ ìwọ̀n tiwọn, a sì mọ ibi tí wọ́n ń gbà jáde nínú ara.

Tí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí màá kọ́ gbogbo aláìsàn, ọ̀rọ̀ ara gbígbóná ni màá mú. Nílẹ̀ wa, ara tó bá ti gbóná, ibà ni. A kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn á ní kí ọmọ lọ bá òun ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, á lò ó, á fi aṣọ borí, á sùn. Ẹni tó ń gba kímò kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kímò kì í pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan, ó máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí èèyàn bá gba oògùn ni wọ́n sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù. Bí kòkòrò bá wọlé lásìkò yẹn, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí òtútù díẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, aláìsàn ò ní mọ ẹni tó dúró tì í mọ́. Bí tẹmómítà bá ti ka 38 ní ìwọ̀n Celsius, ọsibítù ló kàn, lóru ni o, nínú òjò ni o. Bó bá sì dé ọ̀dọ̀ wa, láàárín wákàtí kan ló yẹ kí abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àrùn ti wọ ara rẹ̀, a kì í dúró de èsì láàbù.

Nítorí náà, kí wọ́n tó gba kímò àkọ́kọ́, mo máa ń ní kí wọ́n ra tẹmómítà wá. Ojú mi ni wọ́n ti ń lò ó, wọ́n á ka nọ́mbà tó wà lórí rẹ̀ sí mi létí. Bí ìyá kò bá mọ̀wé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé la jọ máa ń kọ́ ọ, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í sì í gbàgbé. Mo tún máa ń sọ fún ará ilé pé kí wọ́n má fún un ní Paracetamol kí wọ́n tó wọn ara rẹ̀, nítorí á fi ooru náà pamọ́ fún wa.

Olùkọ́ kan pè mí ní ìdájí ọjọ́ kan. Ó kí mi, ó bi mí nípa àwọn ọmọ, ó ní kí n má bínú pé òun jí mi, ó ní òun mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí, ó ṣàdúrà fún mi. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló wá ní, "Ara mi kàn ń gbóná díẹ̀ ni o, Nọ́ọ̀sì, àmọ́ mo ti lo oògùn ibà." Mo ní kó fi tẹmómítà sí abẹ́ apá. 38.6. Ọkọ rẹ̀ gba fóònù, ó ní ṣé kí ilẹ̀ mọ́ díẹ̀ ná. Mo ní rárá, ẹ wá ọkọ̀ nísinsìnyí. Ìgbà tí wọ́n dé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Èsì tó jáde lẹ́yìn náà fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó lo ọjọ́ bíi mélòó kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì rìn jáde fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá fún ní nọ́mbà mi pé: bí ẹ bá pè mí lóru, ẹ má kí mi. Ẹ sọ nọ́mbà tẹmómítà kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ó ṣòro fún àwọn àgbàlagbà wa, ó dà bí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n mo ń tẹnu mọ́ ọn títí wọ́n á fi gbà.

Ìfaradà wa náà máa ń fi nǹkan pamọ́. Kímò kan wà tó ń jẹ́ doxorubicin. Pupa fòò ni, ìtọ̀ èèyàn sì máa ń pọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń sọ ìyẹn fún wọn ṣáájú, kí wọ́n má lọ rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Bí oògùn yìí bá jò síta iṣan, ó máa ń jó ẹran ara, egbò rẹ̀ lè pọ̀ débi tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ọwọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbé e kọ́ kí n sì bá tèmi lọ. Màá jókòó tì í, màá máa ti oògùn náà díẹ̀díẹ̀, omi á máa sàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan màá fà á padà láti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀, pé inú iṣan la wà síbẹ̀.

Mo máa ń bi wọ́n pé, "Ṣé ó ń ta yín?" Ìyá á ní, "Kò sí nǹkan, ẹ máa ṣe é lọ, ẹ kú iṣẹ́." Obìnrin kan wí bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀ kejì, èyí tí kò sí abẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Ó ti di etí ìró rẹ̀ mú, ó fún un pọ̀ débi pé èékánná rẹ̀ ti funfun. Mo dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo fi ìka kan ibi tí kánúlà wà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í le díẹ̀. Mi ò yọ kánúlà náà, mo fa èyí tó ṣeé fà padà jáde ná, mo pe dókítà, a gbé yìnyín tí a fi aṣọ wé lé e. Ibẹ̀ pọ́n, ó sì jinná, kò di egbò. Ọwọ́ kejì yẹn ni mo máa ń wò títí dòní. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tí mo ń kọ́, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn.

Àwọn mìíràn máa ń fi ìtọ́jú tí wọ́n ti gbà níbòmíràn pamọ́. Èèyàn á ti gba kímò díẹ̀ ní ọsibítù kan, owó á tán, á lọ sí ilé àdúrà, lẹ́yìn ọdún kan á wá sọ́dọ̀ wa bí ẹni tí kò gba nǹkan kan rí, nítorí ojú ń tì í pé òun sá kúrò níbẹ̀. Doxorubicin tí mo ń sọ yìí, ó níye tí ọkàn èèyàn lè gbà ní gbogbo ayé rẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Nítorí náà mo máa ń bi wọ́n pé, "Ṣé wọ́n ti fún yín ní oògùn pupa kan rí, tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ pọ́n?" Ẹni tó ti sọ fún dókítà pé òun ò gba nǹkan kan rí, á ní, "Áà, bẹ́ẹ̀ ni, èyíinì."

Ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ẹbí máa ń bẹ̀ mí jù ni pé, "Ẹ má sọ fún Mama." Ọmọ kan tó wà lókè òkun, òun ló ń san owó, pè mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé kókó lásán ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ ni, ìbẹ̀rù ló máa pa wọ́n." Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, mi ò lè bú u. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa fi oògùn tó ń já irun orí sára èèyàn, kí n sì sọ pé kókó lásán ni? Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ara gbígbóná òun kì í ṣe ibà?

Mo lọ bá Mama níbi tó jókòó, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mama, ẹ̀yin lẹ ni ara yín. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí á sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, àwọn mìíràn á ní kí á bá ọmọ àwọn sọ ọ́. Èwo ni kí á ṣe fún yín?" Mama wò mí pẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, kókó yìí ló pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Láti ọjọ́ tí mo ti fọwọ́ kàn án ni mo ti mọ̀. Àwọn ọmọ ni mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀." Àṣé gbogbo wọn ló ń gbé ẹrù kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹnì kan ò fẹ́ kí ẹnì kejì rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí a pe ọmọ náà lórí fóònù, níwájú mi. Wọ́n sunkún, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa tọ́jú Baba. Nítorí pé Mama la ẹnu nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a rí àyè sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kí àwọn náà máa lọ fún àyẹ̀wò ọmú ní àsìkò. Bí a bá ti fi kókó lásán bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀, ta ni ìbá sọ fún wọn?

Ojú máa ń ti àwọn obìnrin tí egbò ti yọ sí ọmú wọn ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo mọ ọ̀kan tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà nígbà gbogbo, bí àga tilẹ̀ ṣófo nínú. Ó máa ń lo lọ́fínńdà tó le gan-an, ó sì máa ń wé ìborùn mọ́ra nínú ooru. Òórùn egbò náà ló ń bò. Nígbà tí mo mú un wọ yàrá kékeré tí mo sì ti ilẹ̀kùn, ó ní ọkọ òun ti kó lọ sí pálọ̀, pé òun náà ti yọwọ́ kúrò nínú sísè oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Kòkòrò tó ń gbé inú egbò níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé ló ń fa òórùn yẹn, ó sì ní oògùn. A fi omi iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún egbò fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a lọ tábúlẹ́ẹ̀tì metronidazole, oògùn tó ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, kúnná, a bù ú sójú egbò, a fi gọ́ọ̀sì bò ó. Mo kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n á ṣe máa ṣe é nílé. Jẹjẹrẹ náà ṣì wà níbẹ̀, a ṣì ń bá a jà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òórùn náà fi lọ sílẹ̀, tí obìnrin náà wọlé wá sí kílíníìkì, tó jókòó sí àárín èrò. Metronidazole, ẹ rántí, oògùn tí kò wọ́n ni. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi wà nínú ìtìjú yẹn nítorí pé kò sí ẹni tó bi í léèrè.

Ohun tó máa ń ran irú wọn lọ́wọ́ ni ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Betty Anyanwu-Akeredolu, tí ọkọ rẹ̀ padà di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní jẹjẹrẹ ọmú, ó sì sọ ọ́ síta nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò jẹ́ sọ irú ẹ̀. Ní 1997 ló dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, sílẹ̀. Mo máa ń wo bí àwọn aláìsàn wa ṣe ń ṣe nígbà tí obìnrin tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀, tó ti gbádùn, bá wọlé tó ní, "Èmi náà rèé." Ohun tí wọn ò sọ fún èmi, wọ́n á sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ó hàn sí gbogbo wa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ 21 ló wà láàárín kímò kan àti èkejì. Tí ọjọ́ bá pé tí mi ò rí ẹnì kan, màá pè é. Á ní òun rìnrìn àjò, tàbí pé òtútù mú òun. Màá ní, "Ṣé owó ni?" Á dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, iṣẹ́ ti dé: mo lè lọ bá apòògùn bóyá oògùn tó dínwó wà, mo lè lọ bá òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ aláìsàn láti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún owó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún àwọn tí kò ní, fún jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate, láwọn ilé ìwòsàn kan. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pa á mọ́ra pé owó ti tán, a ò lè wá nǹkan kan ṣe fún un.

Àwọn bàbá, ìrora ni wọ́n ń fi pamọ́ ní tiwọn. Jẹjẹrẹ prostate sábà máa ń wọ eegun, ìrora eegun kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi agbára ọkùnrin borí. Baba á ní "ó ń ṣe díẹ̀ díẹ̀," ìyàwó rẹ̀ á sì máa mi orí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé tí wọ́n bá ti fún èèyàn ní mọfíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, ó ti parí nìyẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìgò mọfíìnì olómi yẹn wà fún kí wọ́n lè sùn, kí wọ́n lè jẹun, kí wọ́n lè jókòó pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni, wọn kì í dúró dìgbà tí ìrora bá dé. A sì máa ń fi oògùn tó ń jẹ́ kí inú ṣiṣẹ́ kún un, nítorí mọfíìnì máa ń dí inú. Baba kan ní ìgbà tí òun kọ́kọ́ sun oorun àsùnjí tán ni òun tó mọ bí ìrora náà ṣe pọ̀ tó.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ yìí. Ó máa ń gba ọdún kí aláìsàn tó lè máa sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì kan, kí nọ́ọ̀sì náà sì tó mọ irú ọwọ́ tó yẹ kó wò. Síbẹ̀, mo ti rí ilé ìwòsàn tó ti náwó kọ́ nọ́ọ̀sì ní ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tó sì tún gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé nígbà tí àkókò àyípadà dé, bí ẹni pé gbogbo nọ́ọ̀sì kan náà ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ ti kọjá sí Ìlú Ọba, mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ, kì í ṣe ọwọ́ tó ń gún abẹ́rẹ́ nìkan ló lọ. Àwọn aláìsàn tó ti mọ ohùn rẹ̀ lórí fóònù máa ń lo oṣù kan tàbí méjì kí wọ́n tó pe ẹlòmíì, mo sì mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù kan.

Bí ẹ bá ní ìyá, àǹtí tàbí bàbá tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kímò, ẹ bá wọn kó gbogbo ìgò agbo ilé sínú báàgì kan lọ sí kílíníìkì, àti gbogbo ìwé tí wọ́n ti gbà láti ọsibítù yòówù. Ẹ béèrè orúkọ nọ́ọ̀sì tó máa ń fún wọn ní oògùn, ẹ gba nọ́mbà tí èèyàn lè pè lóru, ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ará ilé á ti rí i. Tẹmómítà wà ní kẹ́míìsì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 wà nílé, abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti October 2023. Ẹ mú un lọ gbà á lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá ń lọ ra tẹmómítà.